Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí lórí wíwọn aago àti ọ́sílétọ̀

Àwọn tó ń tún rádíò àti aago ṣe l'Àjàṣẹ́ ló ń béèrè púpọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí, àwọn tó kù wá láti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ọmọ iléèwé sì wà níbẹ̀ dáadáa. Mo kó wọn jọ síbí kí n má bàa máa tẹ ìdáhùn kan náà sórí fóònù ṣáá. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pè ní ọ́sílétọ̀ gan-an, kí ló sì ń jẹ́ pé ó dúró sójú kan?

Ohunkóhun tó bá ń mì lọ mì bọ̀ ní ìwọ̀n kan náà láìsinmi, ọ́sílétọ̀ nìyẹn. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù aago ayé àtijọ́, kírísítà inú aago ọwọ́, átọ́mù inú aago sátẹ́láìtì, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Iye ìgbà tó mì láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ni fíríkúẹ́ńsì ẹ̀. Aago ọwọ́ oníbátìrì tí wọ́n ń tà ní ọjà Ouando, kírísítà inú ẹ̀ ń mì ní ìgbà 32,768 ní sẹ́kọ́ńdì kan, wọ́n mú nọ́ńbà yẹn torí pé tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì léraléra ní ìgbà 15, ó máa di 1 gééré, ìyẹn ló ń ti ọwọ́ aago síwájú.

Tá a bá ní ó dúró sójú kan, ohun tá à ń sọ ni pé iye yẹn ò yí padà láti àsìkò kan sí òmíì. Kì í ṣe pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 32,768 gan-an o.

Ṣé aago tó péye àti aago tó dúró sójú kan kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Rárá o. Aago kan wà tó máa ń fi 40 sẹ́kọ́ńdì sáré lójoojúmọ́, kì í lé kì í dín. Aago yẹn ò péye ṣùgbọ́n ó dúró sójú kan, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ ìwà ẹ̀, ẹ kàn máa yọ 40 kúrò ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Òmíì wà tó jẹ́ pé lónìí ó sáré pẹ̀lú 5, lọ́la ó falẹ̀ pẹ̀lú 7, lọ́túnla ó sáré pẹ̀lú 2, tẹ́ ẹ bá wo áfẹ́réèjì ẹ̀ ẹ máa rò pé aago gidi ni, bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè fọkàn tán an fún ọjọ́ kan péré. Èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú ti àkọ́kọ́. Àìpéye ṣeé tún ṣe, ẹ yí skúrù díẹ̀ tàbí ẹ fi ìṣirò tún un ṣe, ṣùgbọ́n èyí tí ò dúró sójú kan, kò sí skúrù tẹ́ ẹ máa yí.

Mi ò ní ju aago kan lọ, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó dúró?

Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, aago kan ò sì lè jẹ́rìí fún ara ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yìí pátápátá, fífi aago wé aago ni, ohun tẹ́ ẹ sì máa ń rí ni ariwo (ìyẹn bí aago ṣe ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún) aago méjèèjì lápapọ̀, ẹ ò rí ti ọ̀kan nìkan.

Aago wo wá ni kí n fi wé tèmi?

Ó wà lọ́wọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wọn. Èyí tẹ́ ẹ máa fi wọn ọ̀hún, ó dáa kó sàn ju èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọn lọ tó ìlọ́po 10, nígbà náà ẹ lè gbàgbé ariwo tiẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, ẹ pín èsì yẹn pẹ̀lú 1.41, ìyẹn square root 2, ẹ máa mọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá jọra lóòótọ́.

Fún aago ọwọ́ tàbí aago ògiri, kọ̀ǹpútà tó ń gba àkókò látorí íntánẹ́ẹ̀tì tó o. Kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá mì pẹ̀lú 10 mílísẹ́kọ́ńdì, láàárín ọjọ́ kan ìyẹn ò ju 1.2 nínú mílíọ̀nù 10 lọ, aago ọwọ́ ò sún mọ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Fún nǹkan tó ju ìyẹn lọ, GPS ni, ìyẹn àmì àkókò tó ń wá látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Ẹ ra módù kékeré tó ní wáyà 1PPS, ìyẹn pọ́ọ̀sì (àmì iná ṣókí) kan ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. NEO-6M tàbí NEO-M8N tí gbogbo èèyàn mọ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ pé pọ́ọ̀sì ẹ̀ kì í sábà yà ju nǹkan bíi 30 nánósẹ́kọ́ńdì lọ (1 nánósẹ́kọ́ńdì jẹ́ sẹ́kọ́ńdì kan tí wọ́n pín sí bílíọ̀nù kan). Ẹ gbé áńtẹ́nà ẹ̀ síbi tó ti rí ojú ọ̀run, abẹ́ páànù kọ́ o, mo ti rí ẹni tó fi sínú yàrá tó wá ń bú módù.

Àwọn kan máa ń béèrè nípa aago tó ń gba àmì rédíò láti Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń pè ní DCF77. Jámánì ni wọ́n ti ń gbé e jáde lórí 77.5 kHz, nǹkan bíi kìlómítà 2,000 ni wọ́n ṣírò ẹ̀ fún, a sì jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó bá ta aago bẹ́ẹ̀ fún yín tó ní á máa tún ara ẹ̀ ṣe lóru, kírísítà lásán lẹ rà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ ṣàlàyé Allan deviation fún mi bí ẹni pé mi ò lọ yunifásítì.

Òun ni nọ́ńbà tó ń sọ bí aago ṣe dúró sójú kan tó. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ká ní aago 7 àárọ̀ lẹ máa ń fi aago ògiri yín wé ti GPS. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ ṣe wọ́n dọ́gba, 0 nìyẹn. Ọjọ́ kejì ti yín ti fi 1.2 sẹ́kọ́ńdì ṣíwájú, ọjọ́ kẹta 2.5, ọjọ́ kẹrin 3.6, ọjọ́ karùn-ún 5.0. Ẹ yọ ti àná kúrò nínú ti òní, ohun tó máa kù ni bó ṣe sáré tó lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan: 1.2, 1.3, 1.1, 1.4. Áfẹ́réèjì ẹ̀ jẹ́ 1.25 sẹ́kọ́ńdì lójúmọ́, ẹ fi 86,400 pín in, torí iye sẹ́kọ́ńdì tó wà nínú ọjọ́ kan nìyẹn, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 14.5 nínú mílíọ̀nù. Àìpéye aago yín nìyẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ wá tún yọ àwọn mẹ́rin yẹn kúrò lára ara wọn, ti òní kúrò nínú ti ọ̀la: +0.1, −0.2, +0.3. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara ẹ̀: 0.01, 0.04, 0.09. Áfẹ́réèjì wọn 0.047, ẹ pín in sí méjì, 0.023, ẹ wá square root ẹ̀, ó jẹ́ 0.15 sẹ́kọ́ńdì lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi 1.8 nínú mílíọ̀nù. Allan deviation aago yín fún ọjọ́ kan nìyẹn. Ẹ wò ó, 14.5 ni àìpéye ẹ̀ ṣùgbọ́n 1.8 péré ló fi ń yà láti ọjọ́ kan sí èkejì, aago yẹn dáa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ó kàn nílò kí wọ́n tún un tò ni.

Kò sí idán kankan nínú ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ yọ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ rí bó ṣe ń sáré, ẹ yọ lẹ́ẹ̀kejì kẹ́ ẹ rí bí sísáré yẹn ṣe ń yí padà.

Kí ló dé tí wọn ò kàn lo standard deviation tí wọ́n kọ́ wa níléèwé?

Torí pé aago kì í ṣe ọmọlúàbí tó bẹ́ẹ̀. Standard deviation fẹ́ kí áfẹ́réèjì wà níbì kan tó dúró sí, kí nọ́ńbà máa ya díẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀ sósì. Ọ́sílétọ̀ ní oríṣi ariwo kan tó ń gbé áfẹ́réèjì fúnra ẹ̀ kúrò níbi tó wà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń wọn pẹ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni standard deviation á máa ga sí i, kò ní dúró síbì kan, ẹni tó wọn fún ọ̀sẹ̀ kan àti ẹni tó wọn fún oṣù kan á máa bára wọn jà lórí kírísítà kan náà. David Allan tó ṣiṣẹ́ ní National Bureau of Standards ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà tuntun yìí jáde nínú ìwé ìwádìí tó tẹ̀ ní 1966, ọgbọ́n ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé èyí tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ má fi wé áfẹ́réèjì gbogbo ẹ̀. National Bureau of Standards yẹn ni wọ́n wá ń pè ní NIST lónìí.

Mo rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "stability 10⁻¹¹", ṣé ó dáa?

Fún ìgbà wo? Ìbéèrè tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó tà á nìyẹn, tí ò bá lè dáhùn, nọ́ńbà yẹn ò wúlò fún yín. 10⁻¹¹ túmọ̀ sí 1 nínú bílíọ̀nù 100, ṣùgbọ́n ṣé láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ni, àbí láàárín ọjọ́ kan, àbí ọdún? Àlàfo àkókò yẹn ni wọ́n ń pè ní táù. Ọ́sílétọ̀ kan lè dáa gan ní táù sẹ́kọ́ńdì 1 kó sì dà bí ọ̀lẹ ní táù ọjọ́ kan, òmíì á sì jẹ́ òdìkejì. Pọ́ọ̀sì GPS tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, 30 nánósẹ́kọ́ńdì ẹ̀ láàárín sẹ́kọ́ńdì 1 jẹ́ 3 nínú mílíọ̀nù 100, kò dáa rárá, kírísítà olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n 30 nánósẹ́kọ́ńdì yẹn kan náà láàárín ọjọ́ kan, ó jẹ́ 3 sí 4 nínú 10¹³, kírísítà kankan ò lè bá a du ìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní GPSDO: kírísítà gidi á mójú tó sẹ́kọ́ńdì, GPS á mójú tó ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ táù yìí lè tàn yín jẹ lọ́nà míì. Nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè, 7 àárọ̀ la wo aago lójoojúmọ́. Tí ooru ọ̀sán bá ń fà á sẹ́yìn tí òtútù òru sì ń dá a padà, a ò ní rí i láé, torí a máa ń dé lásìkò kan náà tó ti padà síbi tó wà. Ẹ gbìyànjú àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ wò. Lórí gíráàfù Allan, ìyẹn èyí tó ń fi Allan deviation hàn ní oríṣiríṣi táù, nǹkan tó bá ń ga tó ń lọọlẹ̀ ní wákàtí 24 máa ń yọ gegele ní nǹkan bíi táù wákàtí 9, á wá rì wọlẹ̀ ní wákàtí 24 bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ní Sábẹ̀ẹ́ lásìkò ọyẹ́, nígbà tí òwúrọ̀ tutù tí ọ̀sán sì ń jó, gegele yẹn máa ń yọ dáadáa, ju bó ṣe máa ń yọ l'Àjàṣẹ́ níbi tí omi ọ̀sà ò jẹ́ kí òru tutù tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka gíráàfù yẹn? Mo rí i pé ó kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó gòkè.

Ọ̀pọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Táù wà nísàlẹ̀, Allan deviation wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjèèjì ni wọ́n máa ń fi ìlọ́po 10 pín. Ibi tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá sọ táù di ìlọ́po 10, Allan deviation náà á dín kù ní ìlọ́po 10, ariwo féèsì nìyẹn (àṣìṣe nínú àsìkò tí pọ́ọ̀sì dé), púpọ̀ nínú ẹ̀ máa ń wá látinú káńtà yín, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń wọn ọ́n, kì í ṣe látinú ọ́sílétọ̀ rárá, ẹ yẹ ibẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó bú kírísítà ẹlòmíì. Ibi tó bá ti rọra ń sọ̀, tó jẹ́ pé ìlọ́po 100 táù ló ń mú ìlọ́po 10 wá, ariwo fíríkúẹ́ńsì funfun ni (fíríkúẹ́ńsì ń yà láìtẹ̀ lé ètò kankan), ìwà aago átọ́mù nìyẹn. Ibi tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀ nìyẹn, bẹ́ ẹ fẹ́ ẹ dúró títí dọ̀la kò ní sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá ń gòkè, ọ̀nà méjì ni: tó bá rọra ń gòkè, fíríkúẹ́ńsì ẹ̀ ń rìn bí ẹni tó mu sódàbì yó, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò mọ ibi tí èyí tó kàn ń lọ, tó bá ń gòkè ṣánṣán, ìyẹn ìlọ́po 10 sí ìlọ́po 10, kì í ṣe ariwo mọ́, kírísítà yẹn ń darúgbó ni, ó ń sún sí apá kan ṣoṣo, ẹ sì lè ṣírò ẹ̀ kúrò.

Hadamard deviation, ìbátan Allan deviation tó ń yọ lẹ́ẹ̀kẹta ni, kì í rí dídarúgbó yẹn. Wọ́n máa ń lò ó fún aago rùbídíọ́mù (oríṣi aago átọ́mù kan) inú sátẹ́láìtì GPS.

Káńtà wo ni kí n rà?

Ká ní 10 MHz lẹ fẹ́ wọn. Káńtà olówó pọ́ọ́kú kàn máa ń ka iye ìgbà tó mì láàárín sẹ́kọ́ńdì 1, ó lè fi 1 ṣì í, ìyẹn 1 nínú mílíọ̀nù 10. Ẹ jẹ́ kó kà fún sẹ́kọ́ńdì 10, ó di 1 nínú mílíọ̀nù 100. Fún rédíò lásán ó tó, fún ohun tá à ń sọ níbí kò tó.

Èyí tó dáa ni káńtà tó ń wọn àlàfo àkókò, ó ń sọ pé pọ́ọ̀sì ti A dé, lẹ́yìn nánósẹ́kọ́ńdì báyìí báyìí ti B dé. HP 53132A ń rí 150 píkósẹ́kọ́ńdì (1,000 nínú ẹ̀ ló jẹ́ nánósẹ́kọ́ńdì 1), SR620 ń rí 25, TICC tí TAPR ṣe fún àwọn aṣeré-rédíò ń rí nǹkan bí 60, òun ló sì rọ lówó jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má ra tókùnbọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n tàn án níṣojú yín. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ: àwọn káńtà kan máa ń sinmi díẹ̀ láàárín ìwọ̀n kan sí ìkejì, ìsinmi yẹn ń ba ìṣirò Allan jẹ́, torí nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ níbi tí ìkejì ti gbé e. Tẹ́ ẹ bá ń kọ àkókò pọ́ọ̀sì sílẹ̀ dípò fíríkúẹ́ńsì, wàhálà yẹn ò ní sí.

Bí káńtà fúnra ẹ̀ ò bá lójú tó ńkọ́?

Wọ́n ní ọgbọ́n kan. Ẹ mú ọ́sílétọ̀ kẹta tí fíríkúẹ́ńsì ẹ̀ fi 10 Hz yàtọ̀ sí 10 MHz, ẹ pò ó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tẹ́ ẹ fẹ́ fi wéra, kẹ́ ẹ wá wọn 10 Hz tó jáde. Ìyàtọ̀ àkókò tó wà láàárín wọn ti fẹ̀ ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan, káńtà lásán á rí i. Ariwo ọ́sílétọ̀ kẹta wọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí náà púpọ̀ nínú ẹ̀ máa pa ara ẹ̀ rẹ́.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ní Kétu, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní OCXO, ọ́sílétọ̀ tí kírísítà ẹ̀ wà nínú ààrò kékeré, kò sẹ́ni tó mọ ti ta ló dáa jù. Ẹ bá wa parí ìjà.

Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sójú kan. Ẹ wọn A sí B, A sí C, B sí C lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sọ Allan deviation kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara ẹ̀. Fún A, ẹ kó AB àti AC pọ̀, ẹ yọ BC kúrò, ẹ pín in sí méjì, square root ẹ̀ ni ti A nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún B àti C.

Nígbà míì ẹ máa rí nọ́ńbà tó kéré ju òdo lọ kẹ́ ẹ tó square root, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fi pamọ́. Yálà ìwọ̀n yín ò tíì pọ̀ tó, tàbí ọ̀kan dáa ju àwọn méjì tó kù lọ débi pé kò ṣeé rí láàárín wọn, tàbí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ ooru yàrá kan náà tí wọ́n ń yà pa pọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa níbí.

Ṣé òótọ́ ni pé oòrùn ń ba aago jẹ́?

Kì í bà á jẹ́, ó ń mú un falẹ̀ ni. Kírísítà 32,768 Hz yẹn, nǹkan bí ìwọ̀n 25 Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì ni ara ti tù ú jù, tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí, gbígbóná tàbí tútù, ńṣe ló ń falẹ̀. Ẹ mú ìyàtọ̀ sí 25, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ fi 0.034 ṣe ìlọ́po ẹ̀, iye tó ń pàdánù nínú mílíọ̀nù kan nìyẹn. Ní ìwọ̀n 35, ó jẹ́ 3.4 nínú mílíọ̀nù, ìyẹn nǹkan bíi 0.3 sẹ́kọ́ńdì lójúmọ́, ẹ ò ní mọ̀. Aago tẹ́ ẹ bá gbàgbé sínú mọ́tò lóòrùn tó gbóná dé 55, ó ti di 31 nínú mílíọ̀nù, ká ní ó wà bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́, 2.6 sẹ́kọ́ńdì ló máa pàdánù. Ẹ rí i pé ìlọ́po 3 ìyàtọ̀ sí 25 ló mú ìlọ́po 9 àṣìṣe wá.

Ìdí nìyí tí TCXO fi wà, tó ń wọn ooru tó sì ń tún ara ẹ̀ ṣe, ó máa ń wà ní nǹkan bí 1 nínú mílíọ̀nù. OCXO tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ààrò kékeré ni wọ́n fi kírísítà ẹ̀ sí, wọ́n mú un gbóná ju ooru ìta lọ kí ìta má bàa lè dà á láàmú.

OCXO tí mo rà, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ló máa ń yà síbòmíì tí iná bá dé. Ṣé kí n dá a padà?

Ẹ má dá a padà, ìwà ẹ̀ nìyẹn. Tó bá tutù tó tún gbóná padà, kì í sábà padà síbi tó wà gan-an, tuntun ẹ̀ sì máa ń sún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkàn ẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ so ó mọ́ bátìrì, bátìrì ọkọ̀ àti ṣájà tó ń bọ́ ọ láìdáwọ́ dúró tó, kó má mọ̀ pé iná lọ rárá. Mi ò ní ka ìwọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tàn sí nǹkan kan. Ẹ má sì gbé e sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, kírísítà máa ń mọ̀ tí wọ́n bá ń mì í, kódà tẹ́ ẹ bá dojú ẹ̀ dé lásán, fíríkúẹ́ńsì ẹ̀ á yí padà ní ìwọ̀n 1 nínú bílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago oníná tí ẹ̀gbọ́n mi rà ní Kútọnu, wákàtí kan kì í pé tí kò fi ní ti fi ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn. Kírísítà ẹ̀ ti kú, àbí?

Kò ní kírísítà tó ń tẹ̀ lé. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, iná ògiri ló ń kà, tiwọn jẹ́ 60 Hz, tiwa 50. Márùn-ún nínú mẹ́fà ni, ìṣẹ́jú 50 dípò 60. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò bóyá bọ́tìnì 50/60 wà níbẹ̀.

Kódà èyí tó jẹ́ ti 50 Hz, kì í péye nílẹ̀ wa. Apá kan iná wa ń wá láti Nàìjíríà, apá kan láti Gánà, wáyà ńlá 330 kV wà tó ti Ìkẹjà Wẹ́sì wọ Sakété láti 2007, tí ẹrù bá pọ̀ lórí wáyà, fíríkúẹ́ńsì gbogbo ibi tó so mọ́ ọn á jọ wálẹ̀. Bó bá wà ní 49.8 láti àárọ̀ dé àárọ̀, aago yẹn máa pàdánù ìṣẹ́jú 5 àti sẹ́kọ́ńdì 46. Fún ọmọ iléèwé tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí láìná owó, èyí ni mo máa ní kó kọ́kọ́ wọn: kó fi fóònù gba ohùn tí tráńsífọ́mà ń kùn, kó fi kọ̀ǹpútà wá fíríkúẹ́ńsì ẹ̀. Kírísítà inú fóònù lè fi mẹ́wàá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù ṣì í, kò burú, iná ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú mílíọ̀nù yà.

Rùbídíọ́mù tókùnbọ̀ tí wọ́n tú lára òpó fóònù, ṣé ó tó owó ẹ̀?

Tí lámpù inú ẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó tó. LPRO-101, bí àpẹẹrẹ, wọ́n kọ ọ́ pé 10⁻¹¹ ni ní táù sẹ́kọ́ńdì 1, tó bá dé sẹ́kọ́ńdì 100 ó ti di 10⁻¹². OCXO tó dáa máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sẹ́kọ́ńdì 1 o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ átọ́mù dẹ́rù bà yín. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ ni rùbídíọ́mù ti ń fi hàn pé òun lọ̀gá. Ó máa ń gbóná gan, ẹ so irin tó ń fa ooru mọ́ ìdí ẹ̀.

Ta ló wá ni aago tí gbogbo aago ń wò?

Kò sí ọ̀kan. Láti 1967, sẹ́kọ́ńdì kan ni àkókò tí átọ́mù sísíọ́mù fi ń mì ní ìgbà 9,192,631,770. Louis Essen àti Jack Parry ló ṣe aago sísíọ́mù àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ní Ìlú Ọba, 1955. Lónìí, BIPM, ilé iṣẹ́ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, tó wà ní Sèvres lẹ́gbẹ̀ẹ́ Párísì ló ń kó èsì aago tó lé ní 400 jọ káàkiri ayé, ti NMISA, ilé iṣẹ́ ìwọ̀n ti South Africa, wà lára wọn, wọ́n á ṣe áfẹ́réèjì wọn, èyí tó bá dúró sójú kan jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń wúwo jù. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń sọ fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí tiẹ̀ ṣe yà tó. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí oṣù ti lọ tán la tó máa ń mọ iye tí aago lù gan-an.

Módù GPS mi fi sẹ́kọ́ńdì 18 sáré nígbà tí mo tàn án, kó tó tún ara ẹ̀ ṣe.

Aago GPS kì í fi sẹ́kọ́ńdì tí wọ́n ń fi kún ọdún kún tiẹ̀, 18 sì ni wọ́n ti fi kún látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1980, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 2016. Sátẹ́láìtì máa ń sọ iye yẹn ṣùgbọ́n ó lè tó ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ kó tó kàn án. Kò kan ìwọ̀n yín.

Kí ni ilé iṣẹ́ fóònù fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?

Òpó ńlá ò gbọ́dọ̀ yà ju 50 nínú bílíọ̀nù kan lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù yín á jábọ́ láàárín òpó kan sí èkejì nígbà tẹ́ ẹ wà lórí zémìjàn. Àwọn nẹ́tíwọ̀kì tó ń fi fíríkúẹ́ńsì kan náà sọ̀rọ̀ kó tún fi gbọ́rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àkókò gbọ́dọ̀ bára mu dé 1.5 máíkrósẹ́kọ́ńdì. Tí ẹyẹ bá ba áńtẹ́nà GPS òpó yẹn jẹ́, OCXO tàbí rùbídíọ́mù inú ẹ̀ ló máa gbé e dúró títí tónítọ̀hún á fi gun òkè lọ tún un ṣe, wákàtí mélòó ló lè fara dà á, gíráàfù Allan ẹ̀ ló máa sọ.

Mo gbọ́ pé aago lórí òkè ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Àwa tá a ní òkè ní Sábẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Òótọ́ ni, Einstein ló sọ ọ́. Mítà 1 lókè jẹ́ 1.1 nínú 10¹⁶. Mítà 100 sókè, aago á fi díẹ̀ dín ní nánósẹ́kọ́ńdì 1 sáré lójúmọ́. OCXO yín ò lè rí i láéláé, ariwo ẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n aago onílésà tó ń lo átọ́mù sítírọ́ńṣíọ́mù ti dé 10⁻¹⁸, sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọn gíga báyìí.

Ó máa pẹ́ tó kí n tó gba nọ́ńbà gbọ́? Software wo sì ni?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ táù ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì ò tó. Èmi fẹ́ràn kí ìwọ̀n pẹ́ tó ìlọ́po 10 táù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀tún ìparí gíráàfù níbi tí nọ́ńbà méjì mẹ́ta péré kù sí, ẹ kàn gé e dànù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń wá. TimeLab àti Stable32, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì lórí Windows, ẹni tó bá mọ Python lè lo allantools. Ẹ mú overlapping Allan deviation nínú wọn, ó ń lo gbogbo nọ́ńbà yín láìfi ọ̀kan ṣòfò.

Kí ni kí n máa kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n?

Ooru yàrá, ní gbogbo ìṣẹ́jú bí ẹ bá lè ṣe é. Ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé. Orúkọ káńtà, gígùn wáyà áńtẹ́nà, torí mítà 10 máa ń dá pọ́ọ̀sì dúró fún nǹkan bí 50 nánósẹ́kọ́ńdì, kò ní ba ìdúró sójú kan jẹ́ ṣùgbọ́n ó máa ba àkókò jẹ́. Ẹ kọ ẹni tó ṣí fèrèsé náà sílẹ̀. Àti àwọn nọ́ńbà gidi bí wọ́n ṣe jáde látinú káńtà, kì í ṣe gíráàfù nìkan, ẹni tó bá fi gíráàfù lásán ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè ràn án lọ́wọ́.